BÍ A BÁ Ń SUNKÚN, À MÁA RÍRAN: Ẹ̀kọ́ Láti Inú Àjàkálẹ̀ Àrùn Amwas

  



Lónìí, mo fẹ́ kí a sọ̀rọ̀ lórí ohun kan tí a kì í sábà gbọ́ nínú wàásù ààwẹ̀. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn bá dé, tí olórí ń kú, tí ọmọ ẹ̀yìn ń kú, tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ṣáláṣí pa, kí ni ẹgbẹ́, ìlú àti ìjọ máa ṣe tí iṣẹ́ ò fi ní dúró? Ẹlòmíì á ní, “Àáfà, iṣẹ́ dókítà nìyẹn, iṣẹ́ ìjọba nìyẹn.” Rárá o. Iṣẹ́ tiwa náà ni. Gbogbo wa la rí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2020. Ẹgbẹ́ míì wà tó jẹ́ pé ìgbà tí àrùn náà rọlẹ̀ ni wọ́n tó rí i pé kò sí ẹgbẹ́ mọ́. Ẹgbẹ́ míì sì wà tí kò fi ọjọ́ kan dákẹ́. Kí ló mú ìyàtọ̀ wá? Èmi pàápàá ní ẹ̀bi kan nínú ọ̀rọ̀ yìí tí n óò jẹ́wọ́ rẹ̀ fún yín kí n tó sọ̀kalẹ̀.

Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Ẹkún kò ní kí ojú fọ́. Ẹ jẹ́ ká wo àwọn tó sunkún ṣáájú wa, kí a wo bí wọ́n ṣe ríran.

ÌTÀN AMWAS

Ọdún 18 lẹ́yìn Híjírà la fẹ́ lọ yìí, ìyẹn ọdún 639 ní ònkà Mílàdíyà. Ànábì wa ti fi ayé sílẹ̀ láti bí ọdún méje. Sàyídínà Umar ọmọ Khattab ló wà lórí oyè Kàlífà ní Mẹ̀dínà. Àwọn ọmọ ogun Mùsùlùmí ti gba Damásíkù àti Jẹrúsálẹ́mù lọ́wọ́ àwọn ará Róòmù. Wọ́n ní ibùdó kan ní Amwas, ìlú kékeré kan tí kò jìnnà sí Jẹrúsálẹ́mù, ní ilẹ̀ tí Lárúbáwá ń pè ní Ṣáàmù. Abu Ubaydah ọmọ Jarrah ni ọ̀gá pátápátá níbẹ̀. Ọ̀kan ni nínú Sàábé mẹ́wàá tí Ànábì fún ní ìró ìdùnnú àlùjánnà, òun náà sì ni Ànábì pè ní ẹni ìfọkàntán ìjọ yìí.

Àfi bí àrùn ṣe bẹ́ sílẹ̀. Tá-ún ni wọ́n ń pè é lédè Lárúbáwá. Ibà líle ni, tí kókó á máa wú sí abẹ́ abíyá àti ìbátan itan, tó sì jẹ́ pé láàárín ọjọ́ mélòó kan, ẹni náà ti lọ. Lónìí, àwọn onímọ̀ ti mọ̀ pé ó ní kòkòrò àìfojúrí tó ń fà á, àti pé àwọn kòkòrò kéékèèké tó ń fò láti ara eku ló ń gbé e kiri. Nígbà náà, kò sẹ́ni tó mọ̀. Kò sí abẹ́rẹ́, kò sí oògùn. Ọdún náà kan náà sì ni ìyàn mú ní Mẹ̀dínà àti agbègbè rẹ̀, débi pé Ọdún Eérú ni wọ́n sọ ọ́. Ẹrù méjì ló wà lórí Sàyídínà Umar lẹ́ẹ̀kan náà.

Sàyídínà Umar ti gbéra láti Mẹ̀dínà, ó fẹ́ lọ bẹ Ṣáàmù wò. Nígbà tó dé ibì kan tí wọ́n ń pè ní Sargh, Abu Ubaydah àti àwọn ọ̀gágun yòókù wá pàdé rẹ̀ lọ́nà, wọ́n ní àrùn ti wọlé. Ẹ wo ohun tó ṣe. Kò sọ pé òun ni Kàlífà, ohun tí òun bá ti sọ, abẹ ti gé e. Ó ní kí Ibn Abbas pe àwọn àkọ́kọ́ nínú àwọn tó ṣí láti Mọ́kà wá. Ohùn wọn kò ṣọ̀kan. Àwọn kan ní iṣẹ́ ló bá jáde, kó má padà. Àwọn kan ní àwọn Sàábé Ànábì tó ṣẹ́kù ló kó dání, kó má kó wọn wọ inú àrùn. Ó ní kí wọ́n dìde. Ó pe àwọn Ánsárù, bákan náà ló rí. Ó wá pe àwọn àgbà Quraysh tí wọ́n ṣí wá ní àsìkò ìṣẹ́gun Mọ́kà. Àwọn yìí kò yapa rárá, wọ́n ní kó kó àwọn ènìyàn padà.

Umar bá kéde pé tí ilẹ̀ bá mọ́, ọ̀nà Mẹ̀dínà ni. Abu Ubaydah wá bi í bóyá kádàrá Ọlọ́hun ló ń sá fún. Ìbéèrè yìí dun Umar, ó ní ì bá wu òun kó jẹ́ ẹlòmíràn ló bi òun. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, inú kádàrá Ọlọ́hun kan làwọn ti ń sá bọ́ sínú kádàrá Ọlọ́hun mìíràn. Ó fi darandaran ṣe àpẹẹrẹ fún un: bí o bá kó ràkúnmí rẹ dé àfonífojì kan, tí ẹ̀gbẹ́ kan ní koríko tútù, tí ẹ̀gbẹ́ kejì gbẹ táútáú, èyí tó wù kó o da ẹran sí, kádàrá Ọlọ́hun náà ni. Ṣùgbọ́n darandaran tó gbọ́n mọ ibi tó yẹ kó dà á sí.

Ìgbà náà ni Abdur-Rahman ọmọ Awf dé. Ó ti lọ ṣe nǹkan kan, kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń jíròrò. Ó ní òun ní ìmọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, òun gbọ́ ọ lẹ́nu Ànábì pé ìlú tí a bá gbọ́ pé àrùn yìí wà, kí a má wọ ibẹ̀, bó bá sì bá wa nínú ìlú, kí a má torí rẹ̀ sá jáde. Umar dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun, ó padà. Bukhari àti Muslim ló gba ìtàn yìí wá. Ẹ fi ọkàn sí ohun kan níbẹ̀ tí a óò padà sí: ìmọ̀ tó yanjú ọ̀rọ̀ náà wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo, ẹni náà kò sì sí níjòókòó. Ọlọ́hun ló ṣàánú tó fi dé. Ká ní kò dé ńkọ́?

Nígbà tí Umar padà délé, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ lórí Abu Ubaydah. Ó kọ̀wé sí i pé òun nílò rẹ̀ fún ọ̀rọ̀ kan, kó tètè máa bọ̀. Abu Ubaydah ka ìwé náà, ó mọ̀ pé ṣe ni Kàlífà fẹ́ fi ọgbọ́n yọ òun. Ó dá èsì padà pé òun wà láàárín àwọn ọmọ ogun Mùsùlùmí, òun kò sì fẹ́ yọ ara òun sílẹ̀ kí òun fi wọ́n sínú rẹ̀. Nígbà tí Umar ka èsì yìí, ó bú sẹ́kún. Wọ́n bi í bóyá Abu Ubaydah ti kú ni. Ó ní rárá, ṣùgbọ́n ó kù díẹ̀.

Ẹ̀yin ará mi, ibí yìí ni ẹkún àti ìríran ti pàdé. Nínú omijé yẹn náà ni Umar ti kọ ìwé kejì: kí Abu Ubaydah kó àwọn ènìyàn kúrò ní ilẹ̀ kòtò tó kún fún ọ̀rinrin, kó kó wọn lọ sí ilẹ̀ gíga tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ dáadáa. Èyí ni Abu Ubaydah gbà, nítorí ti gbogbo wọn ni, kì í ṣe ti òun nìkan. Ẹnu rẹ̀ ló wà tí àrùn fi mú òun náà.

Kó tó jáde láyé, ó fi Muadh ọmọ Jabal rọ́pò. Muadh kò tíì pé ogójì ọdún, ṣùgbọ́n nígbà tí Ànábì wà láyé ni wọ́n ti rán an lọ sí Yẹ́mẹ̀n láti lọ kọ́ àwọn ènìyàn lẹ́sìn. Àrùn pa ọmọ Muadh, lẹ́yìn náà ó pa Muadh fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ bọ́ sọ́wọ́ Amr ọmọ Al-As. Amr dìde, ó ní àrùn yìí, bó bá ti ràn, bí iná ló ṣe ń jó, ẹ jẹ́ kí a túká sórí àwọn òkè. Ẹnì kan nínú àwọn Sàábé ta kò ó, ó sọ̀rọ̀ líle sí i. Amr ní òun kò ní dá a lóhùn. Ó kó àwọn ènìyàn, wọ́n pín ara wọn káàkiri orí òkè. Wọn kò sá lọ sí ìlú ẹlòmíràn, orí òkè ilẹ̀ náà ni wọ́n pín sí, kí iná má rí igi jó. Ọlọ́hun bá mú àrùn náà kúrò. Nígbà tí Umar gbọ́, kò bá Amr wí.

Àwọn onítàn kọ ọ́ pé nǹkan bíi 25,000 Mùsùlùmí ló bá a lọ. Yazid ọmọ Abu Sufyan, gómìnà Damásíkù, wà nínú wọn. Shurahbil ọmọ Hasana, ọ̀gágun ńlá, wà nínú wọn. Síbẹ̀, a kò kà á pé ibùdó náà fọ́, a kò kà á pé ìrun dúró. Kí ọdún náà tó parí, Amr yìí kan náà ti kó nǹkan bíi 4,000 ọmọ ogun, ó kọrí sí Íjíbítì.

Ẹ̀KỌ́ KÌÍNÍ: KÍ A MỌ ẸNI TÓ KÀN

Ẹ kà á lórí ìka yín: Abu Ubaydah, Muadh, Amr. Olórí mẹ́ta láàárín àjàkálẹ̀ àrùn kan ṣoṣo. Ó ṣeé ṣe nítorí pé ẹni tó kàn ti mọ iṣẹ́ náà kó tó kàn án. Muadh kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń wá kiri lẹ́yìn ìsìnkú.

Ẹ wá wo àwọn mọ́ṣáláṣí wa. Lèmọ́mù kan ṣoṣo ló lè ka kútúbà. Akọ̀wé kan ṣoṣo ló mọ ibi tí ìwé ilẹ̀ mọ́ṣáláṣí wà. Akápò kan ṣoṣo ni báńkì mọ̀. Tí ọ̀dọ́ bá ní òun fẹ́ kọ́ ọ, a ó ní ó ń du oyè, a ó ní ó ń wá ikú àgbà. Ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́ mi, ẹ jọ̀ọ́. Kíkọ́ ọmọdé níṣẹ́ kò pa àgbà rí. Abu Ubaydah ló lé ní ogójì, Muadh ni kò tíì tó o, kò sì sí ẹni tó pe èyí ní àfojúdi.

Ẹ̀KỌ́ KEJÌ: ÌGBÀ ÀLÀÁFÍÀ LA Ń MÚRA

Ẹni tó bá da omi síwájú, á tẹ ilẹ̀ tútù. Gbogbo wa la mọ ìtàn Ànábì Yúsúfù. Ọdún méje tí oúnjẹ pọ̀ ni wọ́n fi kó oúnjẹ pamọ́ de ọdún méje tí ìyàn fi mú. Tó bá jẹ́ pé ọjọ́ tí ìyàn dé ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ àká, kí ni wọ́n fẹ́ kó sí i?

Ẹ má rò pé ayé àtijọ́ nìkan ni irú èyí ti ṣẹlẹ̀. Èkó tiwa níbí jẹ́rìí sí i. Ní ọjọ́ 20 oṣù keje ọdún 2014, ọkùnrin kan tó wọkọ̀ òfurufú láti Làìbéríà ṣubú ní pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed n'Ìkẹjà. Àwọn dókítà ilé ìwòsàn ìjọba ń daṣẹ́ sílẹ̀ nígbà náà, ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ọbáléndé ni wọ́n gbé e lọ. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh fura pé Ẹ̀bólà ni. Wọ́n fúngun mọ́ ọn pé kó jẹ́ kí ọkùnrin náà máa lọ, ó kọ̀ jálẹ̀. Òun náà kó àrùn yìí, ó sì kú ní ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ. Ẹ̀yin ará mi, ẹni tó kọ̀ láti yọ ara rẹ̀ sílẹ̀ nítorí ẹlòmíràn, ó yẹ kí a dárúkọ rẹ̀ sí rere.

Gbogbo ayé dijú, wọ́n ní Èkó ti parí, èrò inú rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n láti ọdún 2012 ni Nàìjíríà ti dá ibùdó ètò pàjáwìrì sílẹ̀ láti fi bá àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ jà. Wọ́n ti ní àwọn tó mọ bí a ṣe ń wọ ilé dé ilé, tó mọ bí a ṣe ń kọ orúkọ sílẹ̀, tó mọ ẹni tí wọ́n ń jábọ̀ fún. Wọn kò ṣẹ̀ṣẹ̀ wá nǹkan tuntun dá. Ṣe ni wọ́n da àwọn òṣìṣẹ́ àti ìlànà yẹn kọjú sí Ẹ̀bólà. Dókítà Faisal Shuaib, tó ti wà nídìí ti rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀, ni wọ́n fi ṣe olórí. Wọ́n wá àwọn 894 tó ti súnmọ́ àwọn aláìsàn rí, wọ́n ń yẹ̀ wọ́n wò lójoojúmọ́ fún ọjọ́ 21. Ìgbà tí wọ́n wọ ilé wọn tó nǹkan bíi 18,500. Ní Èkó àti Port Harcourt, ènìyàn 20 ló kó o, 8 ló kú. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá ọdún kan náà, àjọ ìlera àgbáyé kéde pé Nàìjíríà ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọlọ́hun ló ṣe é. Ṣùgbọ́n Ọlọ́hun fi iṣẹ́ àwọn tó ti múra sílẹ̀ ṣe é.

Ẹ̀KỌ́ KẸTA: KÍ A MỌ OHUN TÓ ṢEÉ DÍN KÙ ÀTI OHUN TÍ KÒ ṢEÉ FI SÍLẸ̀

Mo mọ̀ pé ibí yìí máa nira fún àwọn kan. Ní ìlú Káírò, ní ọdún 833 lẹ́yìn Híjírà, ìyẹn 1430 Mílàdíyà, àrùn yìí kan náà ń jà. Àwọn tó ń kú lójúmọ́ kò tó 40. Àwọn ènìyàn ní kí a gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, kí a jọ jáde sí aṣálẹ̀, kí a jọ ṣàdúà bí ẹni ń tọrọ òjò. Wọ́n jáde lọ rẹpẹtẹ, wọ́n ṣàdúà, wọ́n padà sílé. Kí oṣù náà tó parí, àwọn tó ń kú lójúmọ́ ti lé ní 1,000.

Ta ló kọ èyí sílẹ̀? Kì í ṣe ọ̀tá ẹ̀sìn. Ìmáàmù Ibn Hajar al-Asqalani ni, ọ̀gá nínú àwọn onímọ̀ hádíìsì, ẹni tó ṣe àlàyé tó lókìkí jù lọ lórí ìwé Bukhari. Ó kọ ìwé kan lórí àrùn yìí tó pè ní Badhl al-Ma'un. Ọmọbìnrin rẹ̀ mẹ́ta ni àrùn náà pa. Bàbá tó sin ọmọ mẹ́ta ló jókòó tó ń kọ òótọ́ sílẹ̀, kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè fi kọ́gbọ́n. Kò ní kí a má ṣàdúà. Ohun tó sọ ni pé ìpéjọ irú èyí kì í ṣe ohun tí àwọn aṣáájú ṣe nígbà àrùn.

Ẹ fi wé ohun tí a rí ní ọdún 2020. Ní ọdún 2019, àwọn tó ṣe Háájì tó mílíọ̀nù méjì àbọ̀. Ní 2020, kò sẹ́ni tó wọlé láti ilẹ̀ òkèèrè. Ìwọ̀nba díẹ̀ nínú àwọn tó ń gbé ní Saudi ni wọ́n yàn. Òkúta tí wọn yóò jù ní Mina, wọ́n ti pa kòkòrò ara rẹ̀, wọ́n sì ti dì í sínú àpò kó tó dọ́wọ́ wọn. Wọn kò fọwọ́ kan Kááḅà. Ní 2021, 60,000 ni wọ́n gbà, láti inú Saudi náà ni. Ní 2022, mílíọ̀nù kan, àwọn tí kò tíì pé ọmọ ọdún 65. Ẹ ṣàkíyèsí: wọ́n dín èrò kù, ṣùgbọ́n òpó ẹ̀sìn kò wó. Èyí ni kí a mọ ohun tó ṣeé dín kù yàtọ̀ sí ohun tí kò ṣeé fi sílẹ̀.

Bákan náà ni ti ìrun. Ní oṣù kẹta ọdún 2020, àwọn ladánì ní Kuwait ń pe ìrun, wọ́n ń sọ fún àwọn ènìyàn nínú ìpè náà pé kí wọ́n kírun nílé. Àwọn kan bínú, wọ́n ní àdádáálẹ̀ ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ibn Abbas ti pàṣẹ irú rẹ̀ fún ladánì rẹ̀ ní ọjọ́ òjò, ó sì ní ẹni tó sàn ju òun lọ ló ti ṣe é rí. Bí òjò bá tó nǹkan tí a ń torí rẹ̀ kírun nílé, àrùn tó ń pa'ni ńkọ́?

Ẹ̀KỌ́ KẸRIN: Ẹ̀TỌ́ ẸNI TÓ KÚ ÀTI TI ẸNI TÓ ṢẸ́KÙ

Nígbà tí àrùn Amwas rọlẹ̀, wàhálà mìíràn ló tẹ̀ lé e. Bàbá ti kú, ọmọ tó yẹ kó jogún ti kú, àbúrò ti kú, a kò mọ ẹni tó ṣáájú ẹnì kan. Ogún wá di rúdurùdu. Sàyídínà Umar gbéra fúnra rẹ̀, ó lọ sí Ṣáàmù. Ó pín ogún fún ẹni tó tọ́ sí, ó yan àwọn olórí sípò àwọn tó ti kú, ó tún ètò àwọn ibùdó ológun ṣe. Ó fi Muawiyah rọ́pò Yazid, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó kú. Kò sọ pé “kí Ọlọ́hun tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere” kó wá sinmi. Àdúà yẹn dára, ṣùgbọ́n kò bọ́ ọmọ òrukàn.

Ibí yìí ni n óò ti jẹ́wọ́ ẹ̀bi tèmi.

Ó ti pẹ́ tó jẹ́ pé èmi ni mo ń rí sí pípín sàká àti sàráà ẹgbẹ́ wa. Ilé opó àti ọmọ òrukàn 41 là ń gbé ìrẹsì àti owó díẹ̀ lọ ní gbogbo Rámádáànì. N kò kọ orúkọ wọn sílẹ̀ rí. Orí ni mo fi ń kà á. Mo ní sàráà, ìkọ̀kọ̀ ló dára, kí ojú má ti ẹnikẹ́ni. Inú mi tilẹ̀ máa ń dùn pé mo mọ gbogbo wọn lórí, mo kà á kún ìbẹ̀rù Ọlọ́hun.

Nígbà tí ìjọba ti Èkó, Ògùn àti Àbújá pa ní ọjọ́ 30 oṣù kẹta ọdún 2020, mo ní kò sí ìyọnu, n óò fi fóònù ṣe é. Rámádáànì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 24 oṣù kẹrin. Ní ọjọ́ kẹta ààwẹ̀ ni àìsàn dá mi dùbúlẹ̀. Àwọn ọmọ mi tì mí mọ́ yàrá, wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé tọ̀ mí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, èmi tí mo ń pariwo lórí mínbárì, n kò lè sọ gbólóhùn mẹ́ta kí èémí má gé mi. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ra ìrẹsì. Ìjọba fún wọn láyè láti gbé oúnjẹ kiri. Owó wà, ìrẹsì wà, ọkọ̀ wà, ẹni tó máa gbé e wà. Ilé 17 péré ni wọ́n mọ̀. Àwọn 24 yòókù wà nínú orí mi.

Lẹ́yìn ìtúnu ààwẹ̀ tí ara mi ti yá díẹ̀, obìnrin kan wá kí mi láti ẹnu ọ̀nà. Ọkọ rẹ̀ ti kú láti ọdún márùn-ún, ọmọ mẹ́rin ló fi sílẹ̀ fún un. Ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun fún ìlera mi. Ó wá rọra sọ pé, “Ẹ̀yin Àáfà, ṣé a ò ṣẹ ẹgbẹ́? A rò pé ẹ ti bínú sí wa ni.” Ó ní omi àti gàárì làwọn fi ṣínu fún ọjọ́ mọ́kànlá. Kò fi ẹ̀sùn kàn mí. Ì bá sàn ká ní ó bínú. N kò rí èsì fọ̀.

Àrùn kọ́ ló fi ebi pa àwọn ọmọ yẹn. Èmi ni. Ẹ rántí Abdur-Rahman ọmọ Awf tí ìmọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ nìkan. Òun dé lákòókò. Èmi kò dé.

OHUN TÍ A ṢE, ÀTI OHUN TÍ MO Ń BẸ̀ YÍN FÚN

Láti ọdún náà, ìwé méjì ni a ní. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ akọ̀wé, ọ̀kan wà lọ́wọ́ Ìyá Àdínì wa. Àwa mẹ́ta péré la mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, nítorí náà ìkọ̀kọ̀ sàráà kò bàjẹ́. Ní oṣù Ṣáhábánì kọ̀ọ̀kan, a máa ń jókòó wo ìwé méjèèjì bóyá wọ́n bára mu, ta ló ti kó lọ, ta ló ti kú, ta ni opó tuntun. A tún fi kún un pé ní oṣù kan nínú ọdún, igbákejì ni yóò máa ṣe iṣẹ́ olúwarẹ̀ nígbà tí ọ̀gá wà ní ìjókòó tó ń wò ó. Igbákejì lèmọ́mù á ka kútúbà, igbákejì akápò á ka owó. Níbẹ̀ la ti rí i pé kọ́kọ́rọ́ àpótí owó wa kò ní ìkejì rárá.

Ẹ̀yin ará mi, kí Rámádáànì yìí tó parí, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́ta nínú ẹgbẹ́ yín, nínú ṣọ́ọ̀bù yín, nínú ilé yín pàápàá. Bí mo bá ṣàìsàn lóru òní, ta ló mọ iṣẹ́ mi? Nínú gbogbo ohun tí à ń ṣe, èwo ni a lè dín kù, èwo ni ebi tàbí ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn so mọ́? Ohun tí mo mọ̀ tí àwọn ènìyàn nílò, ṣé ó wà nínú ìwé, tàbí orí mi nìkan ló wà? Ẹni tó bá dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lónìí, kò ní dáhùn wọn pẹ̀lú ẹkún lọ́la. Kì í ṣe àìgbára lé Ọlọ́hun. Ẹni tó gbára lé Ọlọ́hun ló ń so ràkúnmí rẹ̀ mọ́lẹ̀.

N óò fi ọ̀rọ̀ kan kásẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀. Nígbà tí Sàyídínà Umar parí gbogbo ètò yẹn ní Ṣáàmù, tó fẹ́ padà sílé, àkókò ìrun tó. Àwọn ènìyàn bẹ̀ ẹ́ pé kó ní kí Bilal pe ìrun fún wọn. Láti ìgbà tí Ànábì ti kú, Bilal ti fi ìpè sílẹ̀. Umar bẹ̀ ẹ́, ó gbà. Nígbà tí ohùn rẹ̀ jáde, àwọn onítàn ní kò sí ẹni tó bá Ànábì láyé tí kò sunkún níbẹ̀, títí irùngbọ̀n wọn fi tutù, Umar ló sì sunkún jù. Ẹ ronú nípa àwọn tí wọ́n ti sin. Ẹ ronú nípa àlàfo tó wà nínú sáàfù. Síbẹ̀, wọ́n to sáàfù náà, wọ́n súnmọ́ ara wọn, wọ́n kírun.

Kí Ọlọ́hun gba ààwẹ̀ wa. Kí Ó forí ji gbogbo àwọn tí àrùn ti mú lọ nínú wa. Kí Ó wo àwọn aláìsàn sàn, kí Ó jẹ́ bàbá fún àwọn ọmọ òrukàn, kí Ó má jẹ́ kí iṣẹ́ rere tí a bẹ̀rẹ̀ kú mọ́ wa lọ́wọ́. Àmín, yá Rọ́bì.